Ẹ̀jẹ̀ tó lọ tí kò padà wálé: ṣé kí màmá mi fọwọ́ sí ìwé yìí?

Àjọkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo tẹ̀lé màmá mi lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Bí a ṣe jókòó tí à ń retí dókítà, ọmọbìnrin kan tó wọ kóòtù funfun wá bá wa, ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí DNA, ìyẹn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré làwọn fẹ́ gbà, ìgò kékeré méjì. Ó gbé ìwé olójú-ewé mẹ́sàn-án fún wọn, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, ó sì fi ìka han ibi tí wọ́n á fọwọ́ sí. Màmá ní àwọn á mú un lọ sílé ná.

Mo kà á lálẹ́. Ó wà níbẹ̀ pé wọ́n á tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà pa mọ́ fún ìwádìí mìíràn lọ́jọ́ iwájú, àti pé àwọn onímọ̀ níbòmíràn láyé lè lò ó. Màmá bi mí pé, "Níbòmíràn níbo? Ìwádìí mìíràn wo?" Mi ò rí nǹkan fi dá wọn lóhùn. A ò bẹ̀rù oògùn òyìnbó o, mo kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ni. Ta ló mọ̀ nípa ẹ̀ níbí?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde

Ẹ má gbà o. Ìgò méjì lónìí, ìgò mẹ́rin lọ́la. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wù, màlúù wà lọ́jà Bódìjà.

Ìyá_Ìbejì

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n ò bá yín lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni bàbá mi ń lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, nítorí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Owó ọkọ̀, owó ẹ̀rọ, owó abẹ́rẹ́, èmi àti àwọn àbúrò mi là ń dá a. Bí ẹnikẹ́ni bá lè wádìí ìdí tí kíndìnrín fi ń bàjẹ́ lára àwa èèyàn dúdú tó báyìí, apá mi rèé, kí wọ́n fà á. Àwọn tí wọ́n ti ka DNA wọn látọjọ́ yìí, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí àwa ò bá yọjú, ara ẹlòmíràn ni wọ́n á fi wọn aṣọ tí wọ́n á ní ká wọ̀.

Sẹ́gun_Lábù

Àǹtí Àjọkẹ́, ìlú tiyín gan-an ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀.

Láàárín 2002 sí 2005, ètò ńlá kan wà tó ń jẹ́ HapMap. Onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, Bírítéènì, Kánádà, Ṣáínà, Japan àti Nàìjíríà ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn ojúkò tí DNA èèyàn kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, kí wọ́n lè fi wá orírun àìsàn. Ẹni 270 ni wọ́n mú, 90 nínú wọn sì jẹ́ ará Ìbàdàn: ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ wọn kan tó ti dàgbà. Utah, Tokyo àti Beijing ni àwọn yòókù ti wá. Ẹni tó bá máa kópa ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ lè sọ pé Yorùbá ni òbí àgbà òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó léwájú iṣẹ́ náà, wọ́n sì jókòó ti àwọn ará àdúgbò, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n gbọ́ tẹnu wọn kí abẹ́rẹ́ tó kan ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kò sẹ́ni tó jí ẹ̀jẹ̀ náà.

Camden ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni ẹ̀jẹ̀ náà wà, ní ilé-iṣẹ́ Coriell. Wọ́n ti sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ wínníwínní tó para pọ̀ di ara èèyàn, tí ń bí sí i nínú àwo láìdáwọ́ dúró. Onímọ̀ tó bá nílò rẹ̀ á kọ̀wé, á sanwó, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí i. YRI ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé ìwádìí, ìyẹn Yorùbá ní Ìbàdàn. Ní 2008, wọ́n ka gbogbo DNA ọkùnrin kan nínú wọn tán, lẹ́tà bílíọ̀nù mẹ́ta, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. NA18507 ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Bàbá ni nínú ọ̀kan lára àwọn ìdílé yẹn.

Nígbà tí mò ń kàwé ní Bírítéènì, ọ̀kan nínú àwọn ará Ìbàdàn yìí la fi ń dán ẹ̀rọ wò ní lábù wa. Wọ́n gbé ìgò náà jáde látinú fíríìjì, kò ju ìka ọmọdé lọ, wọ́n lẹ bébà funfun tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ mọ́ ọn. Mo dì í mú, mo wò ó títí. Ará ilé mi ni, mi ò sì mọ oríkì tí mo lè fi kí i.

Kétu_Bẹ̀nẹ̀

Láti Kétu ni mo ti ń kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni 90 ní Ìbàdàn, ṣé àwa náà wà nínú "Yorùbá" yẹn? Mo ti ka ìwé ìwádìí kan tó kọ "Áfíríkà" gàdàgbà sórí àwòrán. Nígbà tí mo wádìí ẹ̀ wò, àwọn ará Ìbàdàn yìí nìkan ni. Láti Dakar dé Cape Town, àdúgbò kan ní Ìbàdàn ló ń ṣojú gbogbo wọn!

Sẹ́gun_Lábù

Ẹ̀gbọ́n Kétu, ẹ ò purọ́. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ti kìlọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kí á kọ "Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà" ní kíkún, kí á má kọ "Yorùbá" lásán, áńbọ̀ǹtórí "Áfíríkà". Ọ̀pọ̀ ò gbọ́. Ààyè kéré lórí àwòrán, wọ́n á gé e kúrú.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde

Ìbàdàn wo gan-an? Látìgbà tí jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí 1829, ta ni ará Ìbàdàn? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá ìyá mi ló wà nínú ìgò Sẹ́gun yẹn. Mo fẹ́ owó mi.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gba irú ìwé yìí lọ́wọ́ aláìsàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Bó ṣe ń rí gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, èèyàn ogójì lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀gá sì ti ní kí n rí ẹni mẹ́wàá kó wá kí ọ̀sán tó pọ́n. Tiwa ní ìwé Yorùbá o. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kọ "ìwádìí àbùdá". Mo bi ìyá kan pé kí ni wọ́n gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní, "Bí Ọlọ́run ṣe dá èèyàn. Ìwà." Ìyá yìí rò pé ìwà àwọn la fẹ́ yẹ̀ wò! Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ìwé tì. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ wo bí ọmọ yín ṣe gbé imú yín. Ohun tó kó imú yẹn láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, òun la fẹ́ kà." Ó máa ń yé wọn kíá. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí tẹ̀ lé e rèé: "Bí ẹ bá ka tèmi, ṣé ẹ ò tíì ka ti ọmọ mi nìyẹn?" Kò sí ìdáhùn ìyẹn nínú ìwé ọ̀gá.

Wọ́n á ti ìka bọ páàdì aró, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwèé, wọ́n á nu ún sétí ìró. Kí n má parọ́ fún yín, èmi ni ọ̀pọ̀ wọn fọwọ́ sí. Wọn ò mọ ohun tí ìwádìí jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ mí, mo mọ orúkọ ọmọ wọn. Àwọn mìíràn rò pé bí àwọn bá kọ̀, dókítà ò ní dá àwọn lóhùn dáadáa mọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú wọn á sọ fún mi pé wọn ò gbà mí gbọ́.

Àjọkẹ́, ọmọ tó kúnlẹ̀ kí màmá yín yẹn, ọmọ dáadáa ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní kó rí ẹni mẹ́wàá kí ọ̀sán tó pọ́n.

Akin_Houston

Màmá nọ́ọ̀sì, èmi ò tiẹ̀ rẹ́ni kúnlẹ̀ kí mi. Owó mi ni mo fi ra àpótí 23andMe, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ka DNA látinú itọ́, ní 2019, mo tutọ́ sínú ọ̀pá, mo fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti wá, bí ẹni pé bàbá mi ò tíì sọ fún mi! Ní 2023, àwọn olè wọlé sínú àkáǹtì wọn, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn bíi mílíọ̀nù 6.9 bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta 2025, ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn, àwọn fẹ́ tà. Itọ́ wa sì wà lára ẹrù tí wọ́n fẹ́ tà. Ẹgbẹ́ kan tí Anne Wojcicki, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ń darí ló padà rà á ní mílíọ̀nù 305 dọ́là.

Mo ti lọ pa tèmi rẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin wà ní Àkóbọ̀, kò tutọ́ sínú nǹkan kan rí, bẹ́ẹ̀ ìdajì ohun tó wà lára mi wà lára rẹ̀. Ta ló bi òun léèrè? Ní 2018, àwọn ọlọ́pàá California fi DNA mú ọkùnrin kan tó ti ń pa èèyàn látọdún gbọọrọ. Òun ò fi DNA tirẹ̀ sórí ìkànnì kankan. Ìbátan rẹ̀ tó jìnnà ló fi síbẹ̀. Inú mi dùn pé wọ́n mú apànìyàn, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un yẹn, gbogbo ìdílé wa náà ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà níbí láti 2008 tí wọ́n ń pè ní GINA: agbanisíṣẹ́ àti adójútòfò ìlera ò gbọdọ̀ fi DNA rẹ fìyà jẹ ọ́. Adójútòfò ẹ̀mí kò sí nínú rẹ̀ o.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ní ti Nàìjíríà, òfin wà. Òfin Ìlera ti 2014 ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣe ìwádìí lára èèyàn láìjẹ́ pé ó ṣàlàyé fún un, tí ẹni náà sì fọwọ́ sí i. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 ka DNA mọ́ ohun tó nílò ààbò lọ́tọ̀, ó sì fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti yí ọkàn padà. Láti 2007 la ti ní ìlànà ìwà ọmọlúàbí fún ìwádìí ìlera. Ẹ ṣáà wo ọdún wọn: gbogbo wọn ló dé lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn ti wà ní Camden.

Bí ẹ bá ń bi mí pé ta ló ni sẹ́ẹ̀lì tó ti kúrò lára èèyàn, John Moore béèrè bẹ́ẹ̀ ní California. Dókítà rẹ̀ ti sọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dọjà. Ní 1990 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ fún un pé kì í ṣe ohun ìní rẹ̀ mọ́, àmọ́ ó yẹ kí dókítà ti sọ fún un pé òun ní ohun tí òun máa rí jẹ níbẹ̀.

Èyí tó kàn wá jù ni ti àwọn Havasupai, ìran kékeré kan tí ń gbé nínú àfonífojì Grand Canyon. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn fínra. Ní 1990, àwọn onímọ̀ láti Arizona State University bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ìtọ̀ ṣúgà sì ni wọ́n ní àwọn ń wá. Nígbà tó yá, ìran náà gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ kan náà wádìí àìsàn ọpọlọ, bóyá ẹbí ń fẹ́ ẹbí, àti ibi tí baba ńlá wọn ti ṣí wá. Ìtàn ìṣẹ̀dá wọn ní inú àfonífojì yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ìwádìí ní ilẹ̀ mìíràn ni. Ẹ fojú inú wò ó kí àlejò gba ẹ̀jẹ̀ yín nítorí ibà, kó wá fi kọ̀wé pé irọ́ ni Odùduwà. Ní 2010, yunifásítì san 700,000 dọ́là fún ẹni 41 nínú wọn, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ wọn padà.

Sẹ́gun_Lábù

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ibi tí bàtà ti ń ta èmi lẹ́sẹ̀ nìyẹn. HapMap ò gba orúkọ ẹnikẹ́ni, kò gba ìtàn àìsàn wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà tiẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n lò lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ bóyá tòun wà níbẹ̀. Ààbò ni wọ́n fi ṣe. Àmọ́ wọ́n fi orúkọ ènìyàn pa mọ́, wọ́n sì fi orúkọ ìran síta. Bí ẹnì kan bá kọ ìwé burúkú lórí YRI lọ́la, NA18507 nìkan kọ́ ló máa kàn. Bí NA18507 bá sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ lónìí, kò sí ọ̀nà: òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ni.

Ìyá_Ìbejì

Ó yé mi. Ẹ wá sọ fún mi, Sẹ́gun, ohun kan ha ti ibẹ̀ padà wá bá wa bí?

Sẹ́gun_Lábù

Ó ti wá, Mà, kíndìnrín sì ni. Ní 2010, wọ́n rí ìyàtọ̀ méjì nínú jíìnì kan, ìyẹn apá kékeré kan nínú DNA, tó ń jẹ́ APOL1. Ó wọ́pọ̀ lára àwa ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, DNA àwọn ará Ìbàdàn yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi wá a kàn. Ẹni tó bá gba ẹyọ kan, ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ irú àìsàn sunrunsunrun tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni. Ẹni tó bá gba méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ewu kíndìnrín rẹ̀ pọ̀ sí i. Ohun tó gba baba ńlá wa là ló tún ń mú wa lónìí. Oògùn kan ti wà lẹ́nu ìdánwò.

Ẹ má tíì jó o. Ẹ rántí Casgevy, ìwòsàn tuntun fún àwọn SS tí Bírítéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí nípàrí 2023. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà fún ẹnì kan. Nàìjíríà sì lọmọ SS pọ̀ sí jù láyé.

Ìyá_Ìbejì

Mílíọ̀nù méjì dọ́là. Èmi tí mo yá owó ọkọ̀ lánàá.

Síbẹ̀, mo ṣì fẹ́ kí wọ́n fa tèmi. Ó kéré tán mo ti mọ ìdí tó fi lè jẹ́ pé àwa ọmọ bàbá náà gbọ́dọ̀ lọ yẹ ara wa wò. Bó bá ti di pé kí àbúrò mi fún bàbá wa ní kíndìnrín kan, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun náà gbé méjì.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde

Ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Bàbá, ìyá, ọmọ, ọgbọ̀n ìdílé. Bí DNA bá sọ pé bàbá kọ́ ni bàbá ńkọ́?

Sẹ́gun_Lábù

Lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣirò á kọ̀, a ó sì yọ ìdílé náà kúrò. Kò sẹ́ni tó máa tẹ ẹnikẹ́ni láago.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì

A rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi iṣẹ́ wa. Kò sí ohunkóhun nínú ìwé tó ní ká sọ, kò sì sí ohun tó ní ká má sọ. Mi ò sọ. Bàbá náà ṣì máa ń fi fọ́tò ọmọ yẹn ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.

Àjọkẹ́, kí màmá bi wọ́n ní ohun mẹ́ta péré: ta ni yóò tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà, bí wọ́n bá rí àìsàn nínú rẹ̀, ṣé wọ́n á sọ fún wa, bí mo bá yí ọkàn padà, ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ. Kí wọ́n dáhùn lẹ́nu, lédè Yorùbá, kí wọ́n má nawọ́ síwèé.

Àjọkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an ni. A padà lọ lánàá. Ọmọbìnrin náà tún kúnlẹ̀. Màmá ní kó dìde, kó jókòó ti àwọn. Ó dáhùn ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ti ìkejì, ó ní rárá, wọn ò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Màmá mirí, wọ́n ní ó dáa bó ṣe sọ òótọ́.

Ti ìkẹta, ó ṣí ojú-ewé kẹjọ, ó fi nọ́ńbà fóònù kan hàn wá. Màmá yọ fóònù wọn nínú báàgì, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e sórí sípíkà. Kò lọ. Mo tún un tẹ̀. Obìnrin inú fóònù ní nọ́ńbà náà kò sí.

Ojú ti ọmọ náà, ó sáré wọlé lọ bi ọ̀gá rẹ̀. Màmá ká ìwé wọn sí méjì, wọ́n fi bọ àpò. Wọ́n ní àwọn ò kọ̀, àwọn ò sì tíì gbà. Bí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà tó ń lọ, kí wọ́n wá sílé, wọ́n mọ ilé.